Kí Omi Tó Dì, Kí Ọyẹ́ Tó Dé: Gbígbé Afárá Èbúté Kúrò Nínú Adágún

Bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, àwọn tí ilé wọn wà ní etí adágún ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ afárá èbúté wọn kúrò nínú omi. Afárá tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí ó gba orí odò kọjá sí òdì kejì. Èyí tí ó ti etí ilẹ̀ yọ wọnú omi ni, tí wọ́n ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́, tí àwọn ọmọdé ń jókòó sí láti fi ìwọ̀ pẹja, tí àwọn àgbà sì ń gbé àga sí ní ìrọ̀lẹ́ láti gba atẹ́gùn. Ó ti wà nínú omi láti oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, pákó rẹ̀ ṣì le koko, òpó rẹ̀ kò mì, síbẹ̀ wọn yóò gbé e kúrò. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe iṣẹ́ yìí ní gbogbo ìgbà tí mo fi gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kí n tó padà wá sí Àdó-Èkìtì. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ó dá mi lójú pé ó wúlò fún àwa tí a ń lo adágún dáàmù níhìn-ín, bí omi tiwa kò tilẹ̀ dì rí.

Ẹni tí kò bá tí ì rí adágún tí ó dì lè rò pé òtútù ni ọ̀tá afárá náà. Òtútù lásán kò ṣe pákó tàbí irin ní nǹkan kan tí ó tó ẹ̀rù. Omi gan-an ni ó ń ṣe ọṣẹ́ nígbà tí ó bá di yìnyín, nítorí pé bí ó ti ń dì ni ó ń wú, ààyè tí ó ń gbà a sì máa fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbàgbé ìgò omi tí ó kún dé ẹnu sínú fírísà ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Omi a sì tún máa wúwo jù lọ nígbà tí ìgbóná rẹ̀ bá wà ní nǹkan bí 4°C. Èyí tí ó bá tutù kọjá bẹ́ẹ̀ a fúyẹ́, a sì léfòó, ìdí sì nìyẹn tí adágún fi ń dì láti ojú rẹ̀, tí ẹja fi ń wà láàyè nínú omi ìsàlẹ̀ títí òtútù yóò fi kọjá lọ. Ojú omi tí ó ń kọ́kọ́ dì yìí ni gbogbo òpó afárá ti yọ jáde, ibẹ̀ gan-an sì ni yìnyín ti ń gbá wọn mú. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù kìn-ín-ní, ènìyàn ti ń rìn lórí adágún. Ínǹṣì 4 yìnyín tuntun tí ó mọ́ gaara ni àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní kí ó wà, ó kéré tán, kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó bá sì nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pàápàá ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Ọ̀nà tí yìnyín ń gbà ba òpó jẹ́ tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ó máa ń fà á tu. Yóò di òpó mú ní gbogbo àyíká rẹ̀. Bí omi tí ó wà lábẹ́ bá wá pọ̀ sí i, bóyá nítorí pé òjò dídì yọ́ lórí ilẹ̀ tí ó sì ṣàn wọnú adágún, odidi abala yìnyín náà yóò gbéra sókè, yóò sì mú òpó náà tẹ̀lé ara rẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ àti iyanrìn yóò ya wọ ihò tí ẹsẹ̀ òpó fi sílẹ̀, tí omi bá sì tún wálẹ̀, òpó kò ní ibi tí yóò padà sí mọ́. Kí èyí ṣẹlẹ̀ léraléra láàárín ìgbà òtútù kan péré, òpó tí ọkùnrin alágbára fi òòlù gbá wọlẹ̀ yóò ti jáde bí ìgbà tí a bá fa ẹ̀gẹ́ tu lẹ́yìn òjò. Mo ti rí afárá kan tí ẹni tí ó ni ín kò gbé e kúrò nítorí pé ó fẹ́ ta ilé náà: nígbà tí yìnyín yọ́ tán, òpó kan ga, òpó kejì rì, pákó àárín wọn sì ti fọ́ sí méjì.

Yìnyín tún máa ń tì. Bí ojú ọjọ́ bá tutù gan-an, abala yìnyín á sún kì, á sì sán; omi á gun inú ibi tí ó sán, á dì síbẹ̀; bí oòrùn bá wá mú un gbóná díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tún fẹ̀, kò sì ní rí ibòmíràn lọ ju etí ilẹ̀. Abala tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 1, bí ìgbóná rẹ̀ bá fi 10°C lọ sókè, yóò fi nǹkan bí ìdajì mítà gùn sí i. Ìdajì mítà lè dà bí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n òkúta ńlá ni ó ń tì jọ sí etí omi ní ọ̀pọ̀ adágún ibẹ̀ títí tí wọ́n fi di òkìtì gígùn. Kí ni òpó irin tín-ín-rín fẹ́ ṣe níwájú agbára bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn náà ni oṣù kẹrin yóò dé, tí yìnyín yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí ìjì yóò sì máa fi àwọn àfọ́kù rẹ̀ gba etí adágún. Àwọn kan ń gbìyànjú láti dá omi dúró kí ó má dì: wọ́n ń fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí omi tí kò tutù tó ti òkè lè máa gòkè wá yí òpó ká. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iná mànàmáná rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú, ó sì máa ń dá ihò tí ó léwu fún àwọn tí ń rìn lórí yìnyín. Lójú tèmi, gbígbé e kúrò ló dára jù.

Oríṣiríṣi ni afárá tí wọ́n ń lò. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ abala abala tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ páìpù, tí wọ́n ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì ń tò jọ sórí koríko. Òmíràn ní táyà méjì ní ìdí, wọn á kàn fà á bí ọmọlanke jáde. Òmíràn ń léfòó, wọn á tú u sílẹ̀, wọn á fi ọkọ̀ wọ́ ọ lọ sí kọ̀rọ̀ tí ìjì kò dé. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni èyí tí a ń gbé dìde: híńjì irin ńlá méjì so orí rẹ̀ mọ́ ìpìlẹ̀ kọnkéré tí ó wà lórí ilẹ̀, òpó irin méjì dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wáyà sì gba orí púlì tí ó wà lókè òpó náà kọjá sínú ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kan tí a ń yí láti fi wé wáyà. Bí a bá ti ń yí i, ìdí afárá tí ó wà lójú omi yóò máa gòkè títí tí yóò fi dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀ sókè, tí yìnyín kò ní rí ibi dì í mú.

Ẹni tí ó bá ń wò ó láti òkèèrè yóò rò pé yíyí ẹ̀rọ náà ni iṣẹ́. Iṣẹ́ gan-an wà nínú ohun tí a ń ṣe kí a tó fi ọwọ́ kàn án. A ó kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tí ó wà lórí afárá kúrò, àga, okùn, àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń sọ̀ sínú omi. Lẹ́yìn náà a ó yọ pákó ìlàjì tí ó jìnnà sí etí ilẹ̀, nítorí pé wọ́n wúwo, àti pé bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, ìjì ìgbà òtútù yóò máa fẹ́ lù wọ́n títí tí yóò fi ba híńjì jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi yóò wá fi ọwọ́ tí ó wọ ìbọ̀wọ́ awọ yẹ wáyà náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń wá ibi tí fọ́nrán kan bá ti já tí ó ta jáde, nítorí pé ibi tí fọ́nrán kan bá ti já, ìyókù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó máa ń fi gíríìsì sí híńjì, ó sì máa ń fi òòlù kékeré lu orí bóòtì kọ̀ọ̀kan, ó ń fetí sí ìró rẹ̀. Èyí tí ìró rẹ̀ bá ṣófo, sípánà kàn án.

Ẹsẹ̀ afárá ni ó ṣòro jù. Àwo irin pẹlẹbẹ wà ní ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó má baà rì, ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún ẹrọ̀fọ̀ ti bo àwo náà, ó sì ti fà á mọ́ra. Bí a bá yí ẹ̀rọ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà nínú ẹrọ̀fọ̀, irin gígùn tí ó gbé pákó ni yóò tẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ ṣòkòtò rọ́bà tí ó dé àyà, kí ó wọnú omi, kí ó máa mi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn títí omi yóò fi gba abẹ́ àwo náà wọlé. Èmi ni àbúrò, nítorí náà èmi ni mo máa ń wọ̀ ọ́. Omi oṣù kẹwàá a máa tutù débi pé ìka kì í mọ̀ bóyá òun ṣì di irin mú tàbí òun ti jù ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ara máa ń mọ ìgbà tí ẹrọ̀fọ̀ bá tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé irin náà á ṣàdéédé fúyẹ́, omi dúdú á sì ru sókè ní ìdí rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa ń ké pe ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n máa yí i.

A kì í kánjú yí i. Bí omi bá ti ń já sílẹ̀ lára afárá, a ó dúró, a ó wò ó bóyá ó ń gòkè dọ́gba, a ó tún yí i díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dúró sí ọ̀kánkán wáyà, nítorí pé wáyà tí ó já nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀ lè gé ènìyàn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ó bá ti dé ibi tí a fẹ́, a ó fi ṣéènì nínípọn dè é mọ́ òpó méjèèjì, a ó sì dẹ wáyà díẹ̀ kí ẹrù náà lè bọ́ sọ́rùn ṣéènì. “Ṣéènì ni kí o fọkàn tán, àbúrò, má fọkàn tán wáyà,” ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ fún mi, bí ẹni pé n kò gbọ́ ọ rí.

Ìgbà ara là á búra. Ẹni tí ó bá dúró di oṣù kọkànlá lè bá yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ létí omi, yóò sì máa fọ́ ọ kí ó tó rí ẹsẹ̀ afárá rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ibẹ̀ mọ èyí, nítorí náà wọ́n máa ń fi iṣẹ́ náà ṣe àáró ní òpin ọ̀sẹ̀: a ó ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi, a ó kọjá sí ti bàbá arúgbó tí ó wà ní apá ọ̀tún, a ó sì lọ sí ti ìdílé tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ọkàn mi fà sílé gan-an.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn apẹja wa fi ọkàn sí. Nígbà tí ẹsẹ̀ afárá bá yọ kúrò nínú omi, ohun tí gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ wò ni bóyá karawun wẹ́wẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ọn, abilà dúdú àti funfun, tí kò tóbi ju èékánná lọ, tí etí rẹ̀ sì mú bí abẹ. Zebra mussel ni orúkọ rẹ̀. Láti agbègbè Òkun Dúdú àti Òkun Caspian ni ó ti wá, ọdún 1988 ni wọ́n sì ṣàkíyèsí rẹ̀ nínú àwọn adágún ńlá Amẹ́ríkà. Ó ń dí páìpù omi, ó ń jẹ oúnjẹ tí àwọn ẹja kéékèèké ìbá jẹ, ó sì ṣòro gidigidi láti lé e kúrò tán nínú adágún. Nítorí rẹ̀ ni òfin Minnesota fi pàṣẹ pé afárá tí a bá yọ nínú adágún kan gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọjọ́ 21, ó kéré tán, kí a tó gbé e sínú adágún mìíràn. Àwa náà kò ṣàì mọ irú ìyọnu bẹ́ẹ̀: láti ọdún 1984 ni koríko omi olódòdó tí ó wá láti ilẹ̀ òkèèrè ti gba ojú ọ̀sà Èkó. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ tàbí àwọ̀n láti Èkó wá sí Èkìtì, kí ó jọ̀wọ́ fọ̀ ọ́, kí ó sá a gbẹ dáadáa, kí ó tó kan omi wa.

Àwọn adágún ńlá tí a ní ní Èkìtì, dáàmù ni ó dá wọn: Ero ní Ìkùn-Èkìtì, Ureje ní Àdó, Egbe àti Itapaji. Kò sí yìnyín nínú wọn, ṣùgbọ́n omi wọn kì í dúró sójú kan. Láti oṣù kẹta sí ìkẹwàá ni òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí ó sì máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Láti oṣù kọkànlá, ọyẹ́ dé, odò tí ń ṣàn wọlé rọ, oòrùn ń fà á, a sì ń mu ún. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ báyìí: ní ibi tí etí adágún bá fi mítà 1 rẹlẹ̀ nínú mítà 20, bí omi bá fi mítà 1 péré fà, etí omi ti sún mítà 20 kúrò níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Mo mọ dáàmù kan tí wọ́n ti da òpó kọnkéré fún èbúté tí kò ṣeé gbé. Ní oṣù kẹsàn-án, omi bo orí rẹ̀. Ní oṣù kejì, ó dúró láàárín koríko gbígbẹ, àwọn obìnrin tí ń ra ẹja sì ń gba inú ẹrọ̀fọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lórí. Ó dùn mí nígbà tí mo rí i, nítorí pé owó àti agbára wà nínú kọnkéré náà.

Àwọn tí wọ́n fi pákó ṣe tiwọn kò bọ́ nínú ewu, nítorí pé bí omi bá ti fà, tí pákó sì fara kan ilẹ̀ gbígbẹ, ikán yóò gòkè. Ikán lè jẹ pákó àrẹrẹ tán nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan, láìjẹ́ pé ènìyàn rí ihò kan lójú rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni a ó mọ̀. Bí ikán kò bá sì jẹ ẹ́, iná ìgbẹ́ tí àwọn ọdẹ ń dá nígbà ọyẹ́ lè jó koríko etí adágún dé ìdí rẹ̀. Nítorí náà, àkókò tí ó yẹ kí a gbé èbúté tiwa kúrò ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó tó jókòó sórí ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbé tiwọn kí omi tó dì.

Èmi àti wẹ́dà kan ní Àdó ti ń ṣe irú rẹ̀ kan báyìí fún àwọn apẹja tí mo mọ̀. Ní ibi tí etí omi bá dà gẹ̀rẹ́ lójijì, híńjì bíi ti ẹ̀gbọ́n mi yóò ṣe é. Ṣùgbọ́n ibi tí ó tẹ́jú ni ó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, mo sì gbà pé èyí tí ó ní táyà ni ó bá a mu, nítorí pé bí omi bá ti ń fà ni a ó máa tì í tẹ̀lé omi, tí ó bá sì di ọwọ́ ọyẹ́, a ó wọ́ ọ gun orí òkúta. Irin áńgùlù ni a fi ṣe ara rẹ̀. Orí rẹ̀ tí ó kọjú sí etí ilẹ̀ dúró lórí táyà bárò méjì, ìdí rẹ̀ sì ń léfòó lórí dúrọ́ọ̀mù rọ́bà aláwọ̀ búlúù. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 kan tí a dí ẹnu rẹ̀ pa yóò gbé nǹkan bíi kìlógíráàmù 200 kí ó tó rì tán. A kò fẹ́ kí ẹrù orí rẹ̀ ju ìdajì ìyẹn lọ, kí ó má baà máa fì nígbà tí ẹni tí ó ru ẹja bá gorí rẹ̀. Ìrókò ni a fẹ́ lò fún pákó rẹ̀, bí ó tilẹ̀ wọ́n, nítorí pé ikán kì í tètè rí i jẹ. Bóòtì àti nọ́ọ̀tì ni a fi so pákó mọ́ irin, a kò kan ìṣó rárá, kí a lè tú ẹyọ kan tí ó bá bàjẹ́ láìfi ọwọ́ kan ìyókù.

Ohun méjì ni mo ń tẹnu mọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé omi mímu ni omi àwọn dáàmù yìí. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi ọ́ìlì dúdú tí a dà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì kun pákó náà nítorí ikán, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe fún pákó òrùlé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ lo dúrọ́ọ̀mù tí kẹ́míkà ti wà nínú rẹ̀ rí, bí ó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Èkejì ni pé kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń bójú tó dáàmù kí ó tó gbé ohunkóhun sójú omi, kí ó sì jìnnà sí ibi tí omi ń gbà ṣàn kọjá lórí dáàmù àti ibi tí wọ́n ti ń fa omi, nítorí pé afárá tí okùn rẹ̀ bá já nígbà ọ̀wààrà òjò, ibẹ̀ ni yóò gbà lọ. A ti kọ ìwé tiwa ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fún wa láṣẹ, inú oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni a ó gbé e sí ojú omi, a ó sì wọ́ ọ jáde nínú oṣù kejìlá, kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wálé fún Kérésìmesì lè bá wa fà á.